Ọjọ́ Tí Aláìṣẹ́jú Ju Ìwọ̀ Sí Mi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ ná, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo sọ. Èmi Ọdẹ́dìnà, ọmọ Ìdó-Òkúta, tí ẹ ń rí tí irun orí mi ti funfun yìí, mo ti pa ẹfọ̀n rí, mo ti lé ẹkùn kúrò lórí ẹran tó pa, mo sì ti sùn lórí igi tí ejò ń gbé. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ìbọn kọ́ ni mo fẹ́ràn jù láyé mi. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, okùn, ìwọ̀ kékeré, àti omi tútù tó ń sáré láàárín òkúta. Láti ìgbà tí mo ti lè dá gun òkè ni ìfẹ́ náà ti wọ̀ mí lára, kò sì tíì jáde.

Ẹ má rò pé ẹja lásán ni mò ń sọ. Lórí òkè wa, níbi tí odò Olókùúta ti ń já bọ́ láti orí àpáta dé orí àpáta, ẹja kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní abilà. Ó ní àmì pupa wínníwínní lára, ẹnu rẹ̀ le, ọgbọ́n rẹ̀ sì ju ti ẹlòmíràn nínú yín lọ, ẹ má bínú. Abilà kì í jẹ ekòló, kì í wọ inú ìgèrè. Kòkòrò tó bá bà lé omi nìkan ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí bàbá tó bí ìyá mi fi kọ́ mi bí a ti ń fi ìyẹ́ àparò àti òwú di ìwọ̀ títí yóò fi dà bí lámilámi tàbí èsúnsún gan-an. Kòkòrò ọwọ́ ni à ń pè é. Wàá jù ú sórí omi wẹ́rẹ́, wàá sì jẹ́ kí omi gbé e lọ bó ti wù ú. Bí okùn bá fà á pẹ́nrẹ́n, tó yà kúrò lọ́nà tí omi ń gbà lọ, abilà á yí ìrù padà, ó di ọjọ́ mìíràn. O sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọkàn ẹja náà ń fà sí lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ń wù ú ni wàá dì, kì í ṣe ohun tó wù ọ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo lè ju kòkòrò ọwọ́ sínú igbá omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní òdìkejì odò, kí omi inú rẹ̀ má sì mì. Ẹni tí kò bá gbà kó gbé igbá wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà bẹ́ẹ̀ láyé, òun náà sì ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, Ajíléyẹ. A jọ dàgbà ni, a jọ kọ́ ìwọ̀ dídì lẹ́sẹ̀ bàbá àgbà, a sì jọ ń gun òkè náà lójoojúmọ́ ayé. Bí mo bá pa abilà tó gùn tó apá mi, Ajíléyẹ á wò ó, á ní, "Òjìji rẹ bọ́ sórí omi. Ẹja yìí fọ́jú ni." Bí mo bá fi odidi ọ̀sán di kòkòrò ọwọ́ kan, á gbé e sójú oòrùn, á ní òwú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò yìn mí rí. Ó ń dùn mí, n ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìlú ń yìn mí, ẹnu tí mo sì fẹ́ kó yìn mí jù lọ ló dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan báyìí, mo ń pọ́n àdá mi lẹ́yìnkùlé nígbà tí Ìbídùn, ìyàwó Ajíléyẹ, wọlé láìkáàgò. Kò sunkún, ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "wọ́n ti ń pọ́n abẹ."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ ọjà tó kọjá ni Ajíléyẹ ti gòkè odò, tí kò padà. Àwọn tó wá a lọ rí fìlà rẹ̀ àti ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lórí Òkúta Ìdúró, òkúta tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í kọjá. Ní ìlú tiwa, ẹni tí odò bá mú, bí ọjọ́ ọjà bá tún yípo tí a kò rí i, àwọn obìnrin ilé á fá orí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Tí wọ́n bá ti fá a, ó parí. Ẹni náà ti kú nìyẹn. Bó tilẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kì yóò dá a lóhùn, ìyàwó rẹ̀ kì yóò fún un lómi mu, wọn ó sì fi òkò lé e padà sínú igbó bí iwin.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú sùúrù," Ìbídùn wí.

Mo ní, "Ìwọ ni kí o bẹ̀ wọ́n. Èmi ń lọ sí òkè."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀yin náà kò bá wá padà ńkọ́?"

Mo mú àdá, mo mú ọ̀pá mi, mo fi kòkòrò ọwọ́ mélòó kan sí etí fìlà, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọ̀nà òkè náà, ẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí mo dé Òkúta Ìdúró, mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá rẹ̀.

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí ìyá arúgbó kan tó jókòó sínú omi dé ìbàdí, tó ń fi kànìnkànìn fọ òkúta. Bó bá fọ ọ̀kan tán, á nà án sójú oòrùn, á gbọn omi ara rẹ̀ dànù, á sì tò ó sórí èyí tó ti fọ̀. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Kò wo ojú mi.

"Oúnjẹ wo," ó ní, "ló ń jẹ ẹni tó jẹ ẹ́?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé irú ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń bi Ọdẹ́dìnà? Mo ní, "Ìjẹ ẹnu ìwọ̀ ni, ìyá. Mo ń dì í láti kékeré."

"Ẹni wo ló ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ọmọ náà kì í yó?"

Mo fọwọ́ kan kòkòrò ọwọ́ tó wà létí fìlà mi. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Ó lè jẹ́ èmi."

"Fún mi ní ọ̀kan níbẹ̀," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí fìlà mi. Èyí tó dára jù ló tọ́ka sí, lámilámi kan tí mo fi ìyẹ́ àlùkò dì, tí mo nífẹ̀ẹ́ dé ibi pé n kò tíì jẹ́ kó kan omi rí. Mo ní kó mú òmíràn. Ó ní bí kò bá ṣe ìyẹn, kí n yí ẹ̀yìn padà. Mo já a fún un. Ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó sì tu ìwọ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́ láìsí ẹ̀jẹ̀.

"Irọ́ tó dára ni," ó ní. "Ẹni tó wà lókè mọ̀ ọ́n pa ju èyí lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ rò pé òun gbọ́n. Kọjá."

Mo béèrè ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kòkòrò kan ló bà lé omi níwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé ní gbogbo ayé rẹ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Ó kọjá Òkúta Ìdúró, ó na ọwọ́ mú un. Ara mi bù máṣọ, nítorí mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ èmi, ǹ bá na ọwọ́ bákan náà.

Láti ibẹ̀, òkè náà dúró ṣánṣán. Mo ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń já, ìrì omi náà sì ń tú sí mi lójú. Nígbà tí mo yọ sí ibi pẹrẹsẹ kan, mo rí ìgalà. Ìgalà tó sanra, akọ, tí ara rẹ̀ ń dán, tó fara pa lẹ́sẹ̀, tó dúró létí bèbè ọ̀gbun pẹ̀lú ìhà rẹ̀ sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọdẹ rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọwọ́ mi ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ sílẹ̀ kí n tó mọ̀, àdá sì ti jáde. Mo ń sún mọ́ ọn, mo ti ń ro ẹni tí n ó fún ní itan. Ìgbà náà ni mo rí i pé ìgalà náà ń sún sẹ́yìn síhà bèbè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ẹsẹ̀ kankan. Atẹ́gùn ń fẹ́ gbogbo koríko sọ́dọ̀ mi, irun ara tirẹ̀ dorí kọ ibòmíràn. Mo wojú òkè, mo sì rí okùn kan tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wọ inú kùrukùru lọ. Bèbè náà kò ju ìgbésẹ̀ kan sí mi lọ. Mo jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀, mo mú òkúta, mo sọ ọ́ lù ú. Ó tú ká di ìyẹ́ àti òwú, atẹ́gùn gbé e lọ.

Ẹnì kan pòṣé lókè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: mo ti sá fún ẹfọ̀n rí, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́ àfi ọjọ́ náà. Ẹni tó pòṣé yẹn kò bínú. Bí èmi náà ti ń pòṣé nìyẹn bí abilà bá yí padà lẹ́nu ìwọ̀ mi.

Mo rí i lábẹ́ ibi tí omi ti já bọ́ kẹ́yìn, lórí àpáta dúdú kan, tó na ẹsẹ̀ sínú omi. Ó ga tó òpó ilé. Odidi ọparun kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ni ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí, èkejì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kò ní ìpéǹpéjú rárá. Ó ń wo èmi, ó sì ń wo ọ̀nà tí mo gbà dé, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní Aláìṣẹ́jú ni wọ́n ń pe òun, òun ló ni odò.

"Ọdẹ́dìnà," ó ní, "mo mọ ọ́ láti ìgbà tí ìwọ̀ rẹ ti ń há sára igi. O ti ń fi ìyẹ́ bọ́ àwọn ọmọ mi tipẹ́."

Mo ní, "Bàbá, púpọ̀ nínú wọn ni mo ń dá padà sínú omi."

"Mo mọ̀. Mo ń rí ihò ẹnu wọn."

Mo wólẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni mo wá gbà, pé abẹ ti wà nílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Aláìṣẹ́jú ní òun kò bá mi jà. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni à ń ṣe, àti pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹ kó lè fi ojú iṣẹ́ wò. Ó ní, "Ọkùnrin mẹ́ta ń bọ̀ láti ẹ̀yìn omi yìí. Méjì nínú wọn, ọwọ́ mi ni mo fi dì wọ́n. Fi ọwọ́ kan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ènìyàn, mú un lọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ mi, ìwọ̀ wà nínú rẹ̀."

Omi náà là, Ajíléyẹ mẹ́ta sì jáde. Ẹ gbọ́, n kò sọ pé wọ́n jọra. Ajíléyẹ ni wọ́n. Àpá iná tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ láti kékeré wà lára gbogbo wọn. Okùn kan yọ láti ètè ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sọ́wọ́ Aláìṣẹ́jú. Mo ń wá èyí tí okùn ń fà, kò sí. Gbogbo wọn ń rìn bí ẹni tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bàbá náà mọ iṣẹ́.

Èkínní rí mi, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Dìnà, mo mọ̀ pé o máa wá. Ta ni ì bá tún gun òkè yìí bí kò ṣe ìwọ? Akọni ni ọ́. Dáríjì mí tí n kò sọ ọ́ rí." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Omi bọ́ lójú mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èkejì kò sunkún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àwọn ẹja ibí ń sọ̀rọ̀ rẹ. Wọ́n ní bí kòkòrò ọwọ́ rẹ bá bà lé omi, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì jẹ ẹ́ síbẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi dé eegun. Mo tún yí sí èyí.

Ẹ̀kẹta wo fìlà mi. Ó fi ojú tó ti rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ìyẹ́ adìyẹ lo tún lọ dì mọ́ ìwọ̀. Kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí? Máa lọ sílé, Dìnà. Èyí kọjá agbára rẹ."

Inú bí mi. Lójú ikú náà! Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ mi ti nà sí ẹni àkọ́kọ́, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀, nígbà tí mo bi ara mi léèrè pé: bó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ fi ìwọ̀ mú Ọdẹ́dìnà, kí ni n ó dì sẹ́nu rẹ̀? Ohun tó ń wù ú ni. Ohun tó ti ń wù ú láti kékeré. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo sì fi kan èyí tó bú mi.

Àyà rẹ̀ gbóná, ọkàn rẹ̀ sì ń lù bíi tèmi. Àwọn méjì tó kù wó lulẹ̀, wọ́n di òkìtì ìyẹ́. Aláìṣẹ́jú fi èékánná já okùn ẹnu Ajíléyẹ, ẹ̀jẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pẹja, ta ni nínú yín tí ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí kò tún ju ìwọ̀?"

A sáré. Mo di ọwọ́ Ajíléyẹ mú, a ń yọ̀ lórí òkúta, a ń ṣubú, a ń dìde. Oòrùn ti ń gòkè lọ sí àtàrí. Níbi tí ìyá arúgbó ti ń fọ òkúta, kùrukùru kan ṣàdédé bò wá, funfun, tó nípọn dé ibi pé n kò rí ìka ara mi. Ọwọ́ rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pè é. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi omi. Mo tún pè é, mo ń táràrà bí afọ́jú, kó tó di pé mo bá ọwọ́ kan pàdé tí mo sì gbá a mú. Nígbà tí kùrukùru ká, Ajíléyẹ ni. Òkúta Ìdúró wà níwájú wa.

Ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wò mí, ó ní, "Dìnà. O ṣeun. O mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ìgbà èwe nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mi dì. Mo fò sẹ́yìn, mo gbé àdá sókè. Mo ní kó má sún mọ́ mi, kó má sì fẹsẹ̀ kan ọ̀nà ìlú wa. Mo ń wo ètè rẹ̀ bóyá n ó rí okùn, oòrùn kò jẹ́ kí n ríran dáadáa.

"Bú mi," mo wí fún un. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, bú mi. Sọ ohun tí o máa ń sọ."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù tó ju ti àkọ́kọ́ lọ bà mí. Nítorí ní wákàtí yẹn, èébú Ajíléyẹ ni ohun tó wù mí jù láyé, mo sì ti la ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó wà níwájú mi. Bó bá bú mi, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n dì sẹ́nu ìwọ̀ nìyẹn?

Kò bú mi. Ó wo àdá, ó wo ojú mi, ó sì jókòó sórí òkúta, ó kẹ́yìn sí mi.

"N kò ní bú ọ," ó ní. "N kò sì ní yìn ọ́ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí, ẹnu ń ro mí. Bí o bá fẹ́ ṣá mi, ṣá mi kí n sinmi."

Mo dúró ti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Mo ń retí ohun mìíràn, kó bẹ̀ mí, kó ṣàlàyé, kó tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kò fún mi ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ kì í wá láìsí ìjẹ. Ibẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀. Mo ki àdá bọ inú àkọ̀, mo gbé e dìde, mo sì gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn mi.

Nígbà tí a wọ agbo ilé, àwọn obìnrin ti fi Ìbídùn jókòó sórí ẹní, wọ́n ti fi omi rin irun rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin sì ti mú abẹ dání. Abẹ náà bọ́ sílẹ̀. Ìbídùn dìde pẹ̀lú omi tó ń kán láti orí rẹ̀. Ó rìn tọ ọkọ rẹ̀ wá, ó fi ìka kan ihò tó wà ní ètè rẹ̀, ó sì rọra nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí fún ọ?" ó béèrè.

Ajíléyẹ ní, "Ẹnì kan tó mọ ẹja í pa ju Dìnà lọ."